Wíìlíṣíà mi ti ní táyà karùn-ún: bí mo ṣe ṣe é àti ibi tí mo ti ṣubú

Èjìká ọ̀tún ló fà á. Ó ti pé ọdún 11 tí mo ti ń fi ọwọ́ ti wíìlíṣíà, èjìká yìí ò sì ṣe bí ẹni tó fẹ́ bá mi dé ọdún kejìlá, tí mo bá ti gun òkè kan láàárọ̀, tó bá di alẹ́ mi ò ní lè gbé apá yẹn sókè láti bọ́ ẹ̀wù. Dókítà ní kí n dín títì kù. Mo ní ẹ ṣé sà, ṣé kẹ̀kẹ́ á wá máa ti ara ẹ̀ ni? Ibẹ̀ niṣẹ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀, ó sì gbà mí ní oṣù mẹ́rin ó lé díẹ̀. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an ni mo kọ ọ́ síbí, títí kan ibi tí mo ti ṣe òmùgọ̀.

Ìwọ̀n tèmi rèé o, torí tiyín lè yàtọ̀: kẹ̀kẹ́ mi, wíìlíṣíà yẹn náà, jẹ́ èyí tó ń ká pọ̀, kílò 14, táyà ẹ̀yìn íǹṣì 24, àwọn táyà kékeré iwájú íǹṣì 5. Èmi fúnra mi jẹ́ kílò 78. Tí ẹ bá sì rí i tí mo ní "mọ́tò" níbí, mọ́tò iná kékeré tó ń yí táyà ni mo ń sọ, kì í ṣe ọkọ̀.

Ìpele 1: Wíwo ohun tó wà nílẹ̀

Ọ̀nà mẹ́ta láti fi mọ́tò sí kẹ̀kẹ́ ni mo rí. Àkọ́kọ́ ni táyà ẹ̀yìn tí mọ́tò wà nínú ẹ̀, tí irin róbótó tí a fi ọwọ́ ń tì á mọ bí a ṣe tì í tó, á wá fi agbára tiẹ̀ kún un, e-motion tí Alber ń ṣe ní Jámánì wà lára wọn. Ó dáa nínú ilé torí kẹ̀kẹ́ ò gùn sí i, ṣùgbọ́n táyà kan ṣoṣo lé ní kílò 7, ẹni tó bá ń dá gbé kẹ̀kẹ́ sínú ọkọ̀ á mọ ohun tí mò ń sọ. Mi ò tiẹ̀ dábàá àtifi ọwọ́ ara mi ṣe irú ẹ̀, torí táyà méjèèjì gbọ́dọ̀ gbọ́ ara wọn yé, tí ọ̀kan bá fi díẹ̀ pẹ́ ju èkejì lọ, kẹ̀kẹ́ á yà bàrá.

Ìkejì ni èyí tí wọ́n ń so mọ́ ẹ̀yìn, irú SmartDrive, táyà kan tó tó bíi kílò 6 tó máa ń ti kẹ̀kẹ́ láti abẹ́, téèyàn á máa fi ọrùn ọwọ́ gbá lẹ́ẹ̀mejì kó tó gbéra. Ìkẹta ni táyà tí wọ́n ń de mọ́ iwájú, tó máa ń gbé táyà kékeré méjèèjì kúrò nílẹ̀ táá wá máa fa kẹ̀kẹ́ lọ. Firefly, Batec, Triride, ọmọ ìyá kan náà ni gbogbo wọn. Ìkẹta yìí mọ ilẹ̀ gbágungbàgun rìn dáadáa ṣùgbọ́n kò lè wọ abẹ́ tábìlì, tó bá sì fẹ́ yí po, àyè ńlá ló máa gbà.

Mo yan ti ẹ̀yìn. Kí ló dé? Hoverboard àbúrò mi, pákó oníná onítáyà méjì tí èèyàn ń dúró lé, tó ti bàjẹ́ ló wà nílẹ̀. Ẹ ò rí nǹkan, ọgbọ́n kọ́ ló bá mi yàn án.

Ìpele 2: Hoverboard lẹ́yìn kẹ̀kẹ́

Táyà hoverboard jẹ́ íǹṣì 6 àbọ̀, inú ẹ̀ ni mọ́tò wà, kò ní jíà. Bátìrì ẹ̀ ni mo kọ́kọ́ yẹ̀ wò: sẹ́ẹ̀lì 20 ló wà níbẹ̀, méjì-méjì lọ́nà mẹ́wàá, ó yẹ kí ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan wà láàárín 3V sí 4.2V, àmọ́ mítà fi 2.1V hàn mí lórí ọ̀wọ́ méjì. Mi ò bá a fa ọ̀rọ̀, mo kó o lọ síbi tí wọ́n ti ń gba bátìrì tó ti kú. Bátìrì lithium bí irú èyí tó bá ti lọ sílẹ̀ tó yẹn, tí èèyàn bá ní òun fẹ́ ṣáájì ẹ̀ padà, iná ló ń fi ọwọ́ fà wálé. Bọ́ọ̀dù inú ẹ̀ náà ò wúlò fún mi, iṣẹ́ tí wọ́n fi rán an ni kó máa gbé èèyàn dúró kó má ṣubú. Mo ra kọntírólà kẹ̀kẹ́ iná (àpótí tó ń pín iná fún mọ́tò) 36V, 15A, mo ra tọ́rótù tí a ń fi àtàǹpàkò tẹ̀ kí mọ́tò lè yí, mo sì ra bátìrì tuntun 36V, 8Ah.

Ẹ jẹ́ n dúró díẹ̀ lórí bátìrì yẹn. 36 lọ́nà 8, Wh 288 nìyẹn, ìyẹn bí iná tó lè gbà sínú ṣe pọ̀ tó. Wọ́n ní kí n gbé 10Ah, mo kọ̀, torí òfin ọkọ̀ òfuurufú ni pé bátìrì lithium tí wọ́n bá yọ kúrò lára kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara ò gbọ́dọ̀ ju 300 Wh lọ, 10Ah sì ti di 360. Ẹni tí kì í wọ bàálù lè gbé èyí tó tóbi járe.

Apá irin: páìpù onígun mẹ́rin 20 mm, gígùn ẹ̀ 45 cm. Mo fi páìpù mìíràn dábùú abẹ́ kẹ̀kẹ́, 28 cm sí ilẹ̀, mo fi bóòtù 10 mm so orí apá yẹn mọ́ ọn kó lè máa lọ sókè sódò, táyà hoverboard wà ní ìdí ẹ̀ lọ́hùn-ún.

Mo tẹ tọ́rótù. Táyà yí fìrìrì, eruku sọ, kẹ̀kẹ́ ò kúrò níbi tó wà. Mo so àpò iyanrìn kílò 2 mọ́ apá yẹn, ó sún díẹ̀, ó tún ń yí lórí asán. Odindi ọjọ́ méjì ni mo fi ń bú táyà kí n tó rí i pé gígùn apá yẹn ni. Tí táyà bá ń ti kẹ̀kẹ́ síwájú, apá tó dagẹ̀rẹ́ láti òkè wá sílẹ̀ ló ń gba agbára yẹn, ó sì ń dá díẹ̀ nínú ẹ̀ padà láti fi tẹ táyà mọ́lẹ̀. Bí apá bá gùn tó sì fẹ́ sùn sílẹ̀, ìtẹ̀mọ́lẹ̀ yẹn ò ní tó nǹkan. Mo gé e, láti 45 wá sí 28 cm, kó lè dúró bí àkàbà tí wọ́n fi ti ògiri. Mo yọ iyanrìn. Ó gbá ilẹ̀ mú bí ẹran tó mú egungun.

Ìpele 3: Mo ṣubú

Ó ti wá ń ti mi nísinsìnyí, orí mi sì wú. Mo lọ sí ibì kan tó dagẹ̀rẹ́, èyí tó ga ní mítà 1 tí èèyàn bá rin mítà 12, mo tẹ àtàǹpàkò dé ìdí. Mo gbọ́ tí àbúrò mi ń pariwo lẹ́yìn pé "Bọ̀ọ̀dá, ẹ rọra o, ẹ ro..." kó tó parí ẹ̀ mo ti ń wo ojú ọ̀run. Koríko ló gba orí mi, ká ní kọnkéré ni, ẹlòmíì ni ì bá máa kọ èyí.

Kọntírólà yẹn kò mọ díẹ̀díẹ̀, bí mo ṣe tẹ̀ ẹ́ ló ṣe da gbogbo agbára jáde, kẹ̀kẹ́ tó ti dojú kọ òkè, ẹ̀yìn ni ìwọ̀n ara èèyàn wà, iwájú fò sókè. Àmọ́ ẹ̀bi gan-an jẹ́ tèmi. Irin kékeré méjì wà tí kì í jẹ́ kí kẹ̀kẹ́ dà sẹ́yìn, wọ́n wà lára ẹ̀ nígbà tí mo rà á, èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi yọ wọ́n ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn torí wọ́n máa ń kọ́ etí òpópónà. Mo dá wọn padà lọ́jọ́ yẹn, mo jẹ́ kí wọ́n ga ní 4 cm sílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ohunkóhun tẹ́ ẹ bá fẹ́ so mọ́ kẹ̀kẹ́, irin méjì yẹn kọ́kọ́.

Mo yí kọntírólà sí èyí tó ń bẹ̀rẹ̀ wẹ́rẹ́, mo sì tún lò ó fún ọ̀sẹ̀ méjì. Lórí ilẹ̀ tó dán, kò sí àléébù. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ibi tí mò ń rìn kì í dán. Táyà íǹṣì 5 iwájú bọ́ sínú ihò kan báyìí, nǹkan tó wà lẹ́yìn ò mọ̀, ó ṣì ń tì mí bọ̀, mo fi àyà kan orúnkún. Bí wọ́n bá ń tì ẹ́ láti ẹ̀yìn tí iwájú sì ti há, iwájú náà lo máa gbà lọ. Ọjọ́ yẹn ni mo tú hoverboard palẹ̀. Ẹni tí ilẹ̀ tiẹ̀ bá tẹ́jú lè dúró síbí, ọ̀nà ẹ̀yìn yìí ló rọrùn jù, òun náà ni kò wúwo.

Ìpele 4: Táyà iwájú, àti ìbéèrè ọ̀gá wẹ́dà

Mo wá fọ́ọ̀kì kẹ̀kẹ́ ọmọdé íǹṣì 16 (irin ẹlẹ́sẹ̀ méjì tó ń di táyà iwájú mú), pẹ̀lú ibi tí wọ́n ti ń de bíréèkì onípáànù, èyí tó ń gbá pẹlẹbẹ irin róbótó 160 mm mú. Mo ra mọ́tò onítáyà tó ní jíà nínú, 36V, 250W. Kọntírólà àti bátìrì ti wà nílẹ̀. Mo ṣe bí ẹni pé mo ti parí iṣẹ́.

Ìdè tó máa mú fọ́ọ̀kì mọ́ férémù kẹ̀kẹ́ ló jẹ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mọ́ mi lọ́wọ́. Mo wọn àárín páìpù iwájú méjèèjì, 37.2 cm, mo gbé e lọ fún ọ̀gá wẹ́dà, ó gé irin, ó jó o, ó mọ́ tónítóní. Mo délé, mo jókòó sórí kẹ̀kẹ́, ìdè ò wọlé. Mo bọ́ sílẹ̀, ó wọlé. Mo jókòó, kò wọlé. Mo rò pé ojú mi ń ṣe mí ni, mo gbé gbogbo ẹ̀ padà lọ.

Ọ̀gá wẹ́dà wo kẹ̀kẹ́, ó wò mí. "Ṣé ẹ jókòó sórí ẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ wọ̀n ọ́n?"

Mo ní rárá.

Kò sọ nǹkan kan mọ́, ó kàn na tépù sí mi. 38 cm! Kẹ̀kẹ́ tó ń ká, tí èèyàn bá jókòó sórí ẹ̀, ó máa ń fẹ̀ sí i, tèmi fi 8 mm fẹ̀. Ohun tó bá mi ṣe ni páìpù wọnú páìpù, kékeré nínú ńlá, bóòtù kan láàárín, kí irin yẹn lè gùn kó sì kúrú díẹ̀ kí a tó fún un pa. Ó sì fi rọ́bà sínú ibi tó gbá férémù mú kó má baà họ ọ̀dà, èyí tí èmi ò tiẹ̀ rò.

Bí mo ṣe máa fúnra mi dè é láì pe ẹnikẹ́ni tún jẹ́ ìṣòro. Mo rí àwọn ìdè tó ní ọ̀pá tí a ń fà tó máa gbé iwájú sókè, mo gbìyànjú láti ṣe irú ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, irin tẹ̀. Ohun tó wá ṣiṣẹ́ ni pákó méjì, nínípọn 3 cm. Mo máa ti kẹ̀kẹ́ kí táyà kékeré méjèèjì gun orí pákó, màá fa fọ́ọ̀kì mọ́ra, màá fún ìdè pa, màá wá ti ara mi sẹ́yìn kúrò lórí pákó. Iwájú ò ní sọ̀kalẹ̀ mọ́, táyà kékeré á máa fì ní afẹ́fẹ́, bíi 2.5 cm sílẹ̀. Ìṣẹ́jú kan ààbọ̀. Pákó lásán-làsàn!

Ìpele 5: Mọ́tò yí ara ẹ̀ dípò táyà

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo gbé e jáde, mo rìn bíi 200 mítà, mo gbọ́ "kán", mọ́tò dákẹ́. Irin àárín táyà mọ́tò jẹ́ 12 mm, wọ́n pa á ní pẹrẹsẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì tó fi di 10 mm, kí ojú pẹrẹsẹ yẹn lè há sẹ́nu fọ́ọ̀kì kó má yí. Ẹnu fọ́ọ̀kì tèmi kéré, èmi sì ti fi fáìlì fẹ̀ ẹ́, mo fẹ̀ ẹ́ jù. Irin yí nínú fọ́ọ̀kì, inú irin yẹn ni wáyà gbà jáde, ó lọ́ gbogbo wáyà bí ẹni ń fún aṣọ, ó já wọn.

Wáyà mẹ́jọ ló wà níbẹ̀: ńlá mẹ́ta, yẹ́lò, gíríìnì, búlúù, àti tẹ́ẹ́rẹ́ márùn-ún tó ń sọ fún kọntírólà ibi tí mọ́tò dé. Mo tú mọ́tò, mo fi òjé so wọ́n padà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo tẹ tọ́rótù, ó ń kùn, ó ń gbọ̀n jìgìjìgì, kò yí. Mo ti fi yẹ́lò ńlá àti gíríìnì ńlá gbara wọn, iná yàrá ló kàn ń ṣe mí báṣubàṣu. Mo pààrọ̀ wọn, ó yí wọ̀ọ̀.

Fún ẹnu fọ́ọ̀kì, mo mú irin pẹlẹbẹ 6 mm, mo gbẹ́ ihò gígùn tó fẹ̀ ní 10 mm gééré sí i, kò gbọ́dọ̀ mì rárá, mo kì í bọ irin mọ́tò, mo wá fi bóòtù de ìdí ẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ fọ́ọ̀kì, apá ọ̀tún àti òsì. Láti ọjọ́ náà kò tíì yí. Irin yìí ò ju ọwọ́ ìka méjì lọ, kò sì wọ́n, òun ló yẹ kí n kọ́kọ́ ṣe.

Ìpele 6: Òkè

Lórí ilẹ̀ títẹ́jú ó ń lọ bí omi. Mo gbé e padà sí ibi ìdagẹ̀rẹ́ tí mo ti ṣubú, mo dé àárín, táyà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀. Kì í ṣe pé agbára ò sí, agbára wà, táyà ni kò rí ilẹ̀ dì mú. Mo gbé òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn ara sábẹ́ táyà iwájú nígbà tí mo jókòó: kílò 17. Gbogbo wa pátá, èmi, kẹ̀kẹ́, mọ́tò àti bátìrì, ju 100 lọ, kílò 17 péré ló wà lórí táyà tó fẹ́ fa wá gun òkè, bí a bá sì ti dojú kọ òkè, ìyẹn gan-an á tún dín.

Ẹ̀yìn ìjókòó ni mo gbé bátìrì kọ́ tẹ́lẹ̀, torí ó rí bíi pé ibẹ̀ ló bójú mu. Ó wúwo tó kílò 3. Mo gbé e wá sórí fọ́ọ̀kì, lókè táyà gan-an. Òṣùwọ̀n: kílò 21, díẹ̀ ló kù. Kílò 3 péré ni mo gbé kúrò níbì kan lọ síbòmíì, tó sì di ìyàtọ̀ kílò 4 torí ẹ̀yìn táyà ńlá ló wà tẹ́lẹ̀, ńṣe ló ń gbé iwájú sókè. Mo tún sún táyà ńlá méjèèjì sẹ́yìn ní ihò kan, 2.5 cm, ó di 24. Ìyẹn ní ìyà tiẹ̀ o, torí tí mo bá tú mọ́tò sílẹ̀ nínú ilé, kẹ̀kẹ́ ti wá le díẹ̀ láti fi ọwọ́ tì, èjìká sì mọ̀ ọ́n. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Kílò 24, pẹ̀lú kí n tẹ àyà síwájú bí ẹni ń wá nǹkan nílẹ̀, ó gun òkè yẹn láì yọ̀, lẹ́ẹ̀mẹ́fà nínú mẹ́fà. Tí òjò bá rọ̀ mi ò kì í dán an wò.

Ìpele 7: Dídúró

Èyí ò pọ̀ ṣùgbọ́n ẹ má fò ó. Bíréèkì onípáànù yẹn lágbára ju ìwọ̀n tó wà lórí táyà lọ, lórí yẹ̀pẹ̀ mo fà á lójijì, táyà dúró, kẹ̀kẹ́ ò dúró, ọwọ́ ìdarí sì dòfo lọ́wọ́ mi. Mo tú wáyà bíréèkì díẹ̀ kó má mú lẹ́ẹ̀kan náà, mo so súìsì mọ́ ọwọ́ ẹ̀ kó máa pa mọ́tò bí mo bá ti fọwọ́ kàn án, mo sì ti kọntírólà mọ́ 8 km/h. Ní ìsọ̀kalẹ̀, ọwọ́ kan wà lórí bíréèkì, ìkejì nínú ìbọ̀wọ́ aláwọ wà lórí irin táyà ńlá. Bíréèkì tó wà lára kẹ̀kẹ́ látilẹ̀, ti ìgúnlẹ̀ nìyẹn, ẹni tó bá fà á lórí eré á rí ohun tó ń wá.

Owó

Ká ní gbogbo owó tí mo ná jẹ́ 100. Bátìrì àti ṣájà kó 38. Mọ́tò, kọntírólà àti tọ́rótù, 24. Irin àti iṣẹ́ ọ̀gá wẹ́dà, 14. Fọ́ọ̀kì pẹ̀lú bíréèkì, 9. 15 tó kù, owó òmùgọ̀ ni: kọntírólà àkọ́kọ́, irin ìdè tí kò wọlé, fọ́ọ̀kì tí mo fi fáìlì bà jẹ́, nítorí ìkejì ni mò ń lò báyìí.

Bó ṣe wà lónìí

Kílò 9.6 ni gbogbo ohun tí mò ń dè mọ́ iwájú. Mi ò lè dá gbé e sínú ọkọ̀ láti orí ìjókòó, àbúrò mi ló máa ń bá mi gbé e, tí kò bá sí nílé mi ò kì í gbé e jìnnà. Ó rìn kìlómítà 17 kí iná pupa tó tàn. Èjìká ò tíì fi mí sílẹ̀ ṣùgbọ́n mo ti ń bọ́ ẹ̀wù lálẹ́.

Bóòtù mẹ́rin tó di ìdè mú, mo fi ọ̀dà funfun fa ìlà la orí wọn já dé ara irin, kí n lè fi ojú mọ̀ bí ọ̀kan bá ń tú. Gbogbo Sátidé ni mò ń wò wọ́n. Sátidé tó kọjá, ti òsì ìsàlẹ̀ ti fi ìdá kan nínú mẹ́rin yí kúrò lójú ìlà. Mo ti ra nọ́ọ̀tù tó ní rọ́bà nínú, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, lọ́la ni mo fẹ́ pààrọ̀ wọn.